Nọ́ńbà Kan, Ẹnì Kan

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé náà, gbogbo wọn ló sì fẹ́ lò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá, tó jẹ́ aránṣọ, ń retí ìpè oníbàárà kan tó ní òun máa wá kó aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ òun. Bàbá fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ọmọ wọn obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alákọ̀wé, ló gba fóònù mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ iná, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé okùn iná náà kúrú, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́.

"Títí di ìrọ̀lẹ́?" ni Ìyá wí. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. "Bí oníbàárà mi bá pè ńkọ́?"

"Ẹ ní kó padà pè lọ́la. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù yẹn pa, Ìyá mi. Mo sọ fún yín lánàá, ẹ ní ẹ ti gbọ́."

"Mo gbọ́. Láti ìgbà tó o ti jáde nílé ìwé ni mo ti ń gbọ́ fọ́ọ̀mù. Ká ní fọ́ọ̀mù ṣeé sè jẹ ni, gbogbo wa ì bá ti sanra."

Kò parọ́. Àwọn iléeṣẹ́ ayé òde òní kì í lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́, bí ẹni pé ìyẹn ti hùwà ìkà jù lójú wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọn kì í dáni lóhùn rárá. Èèyàn á kọ orúkọ, á kọ ọjọ́ ìbí, á kọ orúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, á ya fọ́tò ojú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó dúdú jù, á tún un yà, wọ́n á ní ó mọ́lẹ̀ jù. Á wá kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí kò mọ̀, sí ẹni tí kò mọ̀. Bí ọmọdé bá ju òkò sínú kànga, ó kúkú máa ń gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí kò ní ìró.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Iléeṣẹ́ ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sẹ́yìn ìlú, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́ lóríṣiríṣi, láti orí akọ̀wé owó títí dé orí ẹni tí yóò máa gbálẹ̀. Akọ̀wé owó ni Alákọ̀wé fẹ́ ṣe, ohun tó kọ́ nílé ìwé nìyẹn. Wọn ò gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí ipò yẹn, Alákọ̀wé yóò sì pé ọgbọ̀n kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Gbogbo iléeṣẹ́ tó mọ̀ ló fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ààlà, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé lé e lórí. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sí òmíràn tó lè kọ.

Bàbá jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà, ó nasẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. Bíríkìlà ni. Láti ọjọ́ tó ti jábọ́ lórí ilé alájà méjì kan ni orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ láti gun àkàbà. Òun ló máa ń fi wíwá iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ nínú ilé náà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló máa ń wí. "Iṣẹ́ tí o ò rí ojú ẹni tó fẹ́ gbà ọ́, tóun náà ò rí tìẹ, ṣé iṣẹ́ nìyẹn àbí àlá? Láyé tiwa, wàá lọ bá ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì, wàá kí i, wàá gbé ṣọ́bìrì. Kó tó fẹnu kan omi, ó ti mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni ọ́ tàbí ọ̀lẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí kò sọ ọ́. Ó mu tíì rẹ̀, ó ń wo ògiri. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé kò ṣe yẹ̀yẹ́.

Alákọ̀wé dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ó kọ nọ́ńbà fóònù ilé wọn síbẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Lẹ́tà pupa jáde: NỌ́ŃBÀ YÌÍ TI WÀ LÁRA FỌ́Ọ̀MÙ MÌÍRÀN. NỌ́ŃBÀ KAN, ẸNÌ KAN.

Ó rò pé òun ṣi nọ́ńbà kọ. Ó tún un kọ, ó ń kà á sókè bí ọmọ tó ń kọ́ òǹkà. Lẹ́tà pupa náà tún jáde.

"Ìyá, ta lẹ fún ní nọ́ńbà wa?"

"Nọ́ńbà wo?"

"Nọ́ńbà fóònù yìí. Ẹnì kan ti fi kọ fọ́ọ̀mù níbi tí mo fẹ́ kọ tèmi sí."

Ìyá yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu, ó gún wọn mọ́ apá aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ìjà dé. "Gbogbo oníbàárà mi ló ní nọ́ńbà mi. Kí n tó wọn aṣọ wọn, ṣé kí n kọ́kọ́ ní kí wọ́n búra pé wọn ò ní fi wáṣẹ́ ni?"

"Ẹ máa ń ya gbogbo èèyàn ní fóònù yìí. Mo ti ń sọ ọ́, ẹ ò gbọ́."

"Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi pe ọmọ òun, kí n ní rárá? Alákọ̀wé, má jẹ̀ẹ́ kí n bínú láàárọ̀ kùtù yìí. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń wa máṣíìnì, òun ni mo fi rán ọ nílé ìwé. Mi ò rán ọ nílé ìwé kó o lè wá máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá."

Bàbá wúkọ́. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó ń tiro lọ síta.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

"Èmi?" Kò bojú wẹ̀yìn. "Èmi tí mi ò mọ A, tí mi ò mọ B?"

Ìyẹn kì í ṣe "rárá", ṣùgbọ́n ó jọ ọ́, Alákọ̀wé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Síìmù tuntun kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá rà á lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọjọ́ mélòó kan yẹ ìwé rẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣí i. Ohun tó kù ni kó lọ tọrọ nọ́ńbà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó yọ fóònù kúrò lára iná, ó mú un dání.

Yàrá tó dojú kọ tiwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ òru dé, ó ń fọ aṣọ funfun rẹ̀ nínú báàfù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ nọ́ńbà yín ni. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fi kọ̀wé sí."

"Nọ́ńbà tèmi? Kí wọ́n máa pè mí nígbà tí mo bá ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́? Kí ló ṣe tiyín?"

"Ẹnì kan ti lò ó mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ẹ kú ewu. Ìyá yín ti lawọ́ jù." Ó fọ apá aṣọ kan, ó tún padà fọ apá kan náà. "Iṣẹ́ wo nìyẹn gan-an?"

Nígbà tí Alákọ̀wé dárúkọ iléeṣẹ́ náà, Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọṣẹ. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba ọmọ tálákà, ó ní wọ́n ti pín in láàárín ara wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ojú sì tì í láti ṣahun nọ́ńbà lásán, ló bá pè é fún un. Alákọ̀wé kọ ọ́ sí i. Pupa.

"Ó ní nọ́ńbà yín náà ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ yẹn ò gbádùn."

"Àǹtí, ṣé ẹ ti kọ tiyín ni?"

Nọ́ọ̀sì fún aṣọ kan lómi títí kò fi ku ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. "Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì kan tó máa jókòó ti àwọn lébìrà wọn," ló wí nígbà tó yá. "Oṣù kẹta rèé tí ọsibítù ò tíì sanwó fún wa. Jọ̀ọ́, má sọ fún Ìyá yín o. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń kọ irú fọ́ọ̀mù yẹn, orí ẹ̀ ò pé."

Ó lọ bá baba onílé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ọ̀dọ́ tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí kò gba ìwàásù. Alákọ̀wé gba tirẹ̀. Baba náà ní iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń wá, ohun tí à ń dá sílẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa ka orúkọ yín lábẹ́ fáànù. Ó fi ìka kan ilẹ̀ mọ́ gbogbo gbólóhùn. Lẹ́yìn náà ó pe nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe àpèkọ fún kíláàsì, ìwé náà sì tún pọ́n.

Baba onílé ṣí fìlà, ó dé e padà. "Wọ́n ní àwọn nílò ẹni tí yóò máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wá sílẹ̀. "Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì dáa. Kò sí ọjọ́ orí níbẹ̀. Mo wò ó dáadáa, wọn ò kọ ọjọ́ orí síbẹ̀." Ó ní kí Alákọ̀wé jọ̀ọ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ayálégbé gbọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ ní kí ni obìnrin tó kàwé tó báyẹn ń fi nọ́ńbà ẹlòmíràn ṣe. Onígbàjámọ̀ ní òun ò lè fi nọ́ńbà òun ṣeré, oníbàárà òun pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní jìbìtì ni gbogbo rẹ̀, òun ò tiẹ̀ lè fi ojú òsì wo irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Alákọ̀wé gbé fóònù sílẹ̀ sáàárín wọn, ó ní kí ẹni tí ò tíì kọ ọ́ pe nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀rín dá. Onígbàjámọ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó padà sídìí orí tó ń fá, kò sì sẹ́ni tó pe nọ́ńbà kankan.

Bó ṣe jáde níbẹ̀, ó ti mọ àṣírí gbogbo òpópónà. Odindi àdúgbò kan, àwọn èèyàn tó ń kí ara wọn ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, tí ọ̀kan ń yá èkejì ní iyọ̀, wọ́n sì ń du ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ara wọn, tí wọ́n tún ń sọ fún ara wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló sọ wọ́n dà báyẹn? Kì í ṣe ìlara ni wọ́n bí mọ́ wọn. Bí wọ́n bá ju egungun kan sáàárín ogún ajá, tí wọ́n wá ní ajá burú, ẹni tó ju egungun ńkọ́? Inú bí Alákọ̀wé sí wọn, àánú wọn sì ṣe é. Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ìbínú nìkan ló kù.

Iṣẹ́ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni pé kó máa bá àwọn tí ò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù. Ó mọ iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí.

"Ẹ̀yin tún ni?" ló wí kí Alákọ̀wé tó jókòó. "Ṣebí mo ti ṣe ti ilé yín."

"Ti ilé wa wo?"

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ní kí n má sọ."

"Bàbá wo?"

"Bàbá yín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí wọ́n ń wá yẹn. Wọ́n tiro wá síbí níjọ́sí. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn ò gba ẹni tó bá ju àádọ́ta ọdún lọ, Bàbá wá ní kí n kọ méjìdínláàádọ́ta."

Bàbá ti lé lọ́gọ́ta. Ẹ̀rín fẹ́ pa Alákọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò rí ọ̀nà jáde. Ó rántí bó ṣe bi í láàárọ̀, tó ní òun ò mọ A, òun ò mọ B. Bàbá tó ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ṣé ó ṣeé yọ kúrò?"

"Ó ṣeé yọ. Ẹ máa ṣí ojú ìwé tiwọn, ẹ máa tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Yọ mí kúrò' sí. Wọ́n á fi nọ́ńbà kékeré kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù yín á wá ṣófo, ẹ lè fi kọ tiyín. Àmọ́ bó bá ti kúrò, ó kúrò nìyẹn o, kò sí àbọ̀." Ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i sẹ́yìn ọwọ́ Alákọ̀wé. "Ojú ìwé yẹn náà ni wọ́n ń kọ èsì sí. Mo ní kí Bàbá máa yà wá wò ó, wọn ò yà mọ́. Bóyá nítorí owó tí mò ń gbà ni."

Nígbà tó fi máa délé, oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn ilé, Bàbá sì ti gbé àga rẹ̀ wọlé. Ojú Alákọ̀wé nìkan ló wò tó fi mọ̀.

"Ẹ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀," ni Alákọ̀wé wí. "Ẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá Ìyá jà. Ẹ mu tíì yín tán."

Máṣíìnì Ìyá dákẹ́. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ni wọ́n kọ ọ́. Bàbá ló ni fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀."

Ìyá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó lanu. Ó ní nígbà tí èèyàn bá ní ọkọ, ó yẹ kó mọ ohun tí ọkọ náà ń ṣe. Ó ní òun ti fi gbogbo àárọ̀ gba èébú lórí ohun tí òun ò mọ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ pé oṣù kan! Ẹ̀ṣọ́! Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo? Bí olè bá dé, ṣé wàá ní kó dúró dè ọ́ ni?"

"Ẹ fara balẹ̀ o," ni Nọ́ọ̀sì wí láti ìta, níbi tó ti ń sá aṣọ tó ti gbẹ láti ọ̀sán.

Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò jọ ẹni tí inú ń bí. "Mo fẹ́ kí owó kan máa tọwọ́ mi wọlé," ló wí. "Ìyẹn nìkan ni. Bó o bá ń gbé oúnjẹ fún mi, Ìyá ọmọ mi, o kì í sọ̀rọ̀, mo mọ̀, o ò sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ máṣíìnì yẹn nígbà tí mo bá ń jẹun. Gbogbo òkèlè tí mo bá gbé ni mò ń gbọ́ ọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo fi ọ̀nà tó ò ń gbà wáṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tèmi wá dí, ojú tì mí láti sọ fún ọ pé kó o mú mi gba tìẹ. Mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà á di ìjà. Mo rò pé nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ni."

Ìyá gbé aṣọ tó ń rán, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan yẹn í tẹ̀. Gbé e wá. Yọ mí kúrò, kó o kọ tìẹ kí wọ́n tó tì í."

Alákọ̀wé jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé Bàbá. Fọ́tò baba rẹ̀ jáde, pẹ̀lú kóòtù kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n ní kó má mí. Lábẹ́ fọ́tò náà, lẹ́tà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀: Ẹ KÚ ORÍIRE. A TI YÀN YÍN. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Wọ́n kọ iye owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí èèyàn máa jẹun láìgbọ́ máṣíìnì.

Bàbá ń wo ojú fóònù náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Alákọ̀wé, mi ò ní torí ohun tó ṣe sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rò ó pé orúnkún Bàbá ò lè gbà á láti dúró lẹ́nu géètì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó rò ó pé wọ́n á bá irọ́ ọjọ́ orí yẹn nídìí rẹ̀, wọ́n á sì lé e pẹ̀lú ìtìjú. Ó rò ó pé òun ló kàwé, pé bí òun bá ríṣẹ́, gbogbo ilé ló ríṣẹ́. Gbogbo ìdí wọ̀nyí ló dára. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dára, kì í wá ìdí tì. Lábẹ́ gbogbo wọn, ọgbọ̀n ọdún ló jókòó síbẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ló sì ń wò.

"Wọn ò tíì kọ nǹkan kan, Bàbá."

Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Yọ mí kúrò" sí. Fóònù gbọ̀n, nọ́ńbà kékeré náà wọlé, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìbéèrè kan tún jáde.

"Ó tún ń béèrè kí ni?" ni Bàbá wí.

"Ó ní ṣé ó dá yín lójú."

"Sọ fún un pé ó dá mi lójú."

Alákọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà lọ, lẹ́tà aláwọ̀ ewé náà lọ, ojú ìwé náà funfun. Ó wá ṣí tirẹ̀, ó ṣi nọ́ńbà kọ nígbà àkọ́kọ́, ó tún un kọ, ó fi í ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò pọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun ni ẹni ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì ó lé díẹ̀ tó kọ̀wé béèrè fún ipò akọ̀wé owó, ipò náà sì jẹ́ mẹ́rin.

"Ó ti wọlé?" ni Ìyá wí.

"Ó ti wọlé."

Ìyá kígbe ọpẹ́, ó fi tó àwọn tó wà níta létí, bí ẹni pé wọn ò ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé wá, aṣọ funfun rẹ̀ ní èjìká, ó ní Ọlọ́run á gbọ́. Baba onílé náà yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ bí Bàbá ṣe yọ orúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "O ṣe bí bàbá."

"Kí ni mo ṣe?" ni Bàbá wí. "Ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi ni mo fi sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó jókòó tọ́ lórí àga fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá se ìrẹsì. Nítorí pé ó ti pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú aládùúgbò, tí kò sì jẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀, ó se ẹyin kan ṣoṣo tó kù sínú ilé, ó gbé e lé orí oúnjẹ Bàbá, ó sì padà sídìí sítóòfù láìwò ó lójú. Bàbá wo ẹyin náà. Ó fi ṣíbí gbé e, ó gbé e sínú abọ́ Alákọ̀wé.

"Jẹ ẹ́. Ìwọ lo máa lọ síbi iṣẹ́."

"Ẹ̀yin ni wọ́n gbé e fún, Bàbá."

"Mo ní kó o jẹ ẹ́." Ó bu ìrẹsì díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó wo ọ̀nà ìdí sítóòfù, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn rárá?"

"Wọn ò dá yín lóhùn, Bàbá."

Bàbá mi orí. "Mo ti mọ̀. Ta ló máa ní kí arúgbó tó ń tiro wá ṣọ́ géètì?" Ó tún jẹun díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ féèyàn. Kí wọ́n kàn sọ pé rárá. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, màá mọ̀ pé ẹnì kan kà á, ẹnì kan rí orúkọ mi. Ìyẹn ni mo kàn ń rò, tí mi ò fi lè lọ wò ó. Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀ kí ọmọ yẹn máa sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan."

Alákọ̀wé wo ẹyin tó wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé iyọ̀ tó?" ni Ìyá béèrè láti ìdí sítóòfù.

Ó ní ó tó. Kò tíì tọ́ ọ wò.